Ọ̀nà Ọ̀fun ní Àkókò Ọdún

Ọdún Kérésìmesì tún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú Òkè Ọya mìíràn ni kò ní lè dé ilé. Láàárín ara wa ni a ó ti ṣe ọdún. Bí ìsìn bá ti parí, a ó máa kí ara wa láti ilé dé ilé. Ilé kan á gbé ìrẹsì wá, èkejì á gbé iyán, ẹ̀kẹta á gbé ẹran díndín. Bí a bá kọ̀, wọn á ní a kò ka àwọn sí.

Oúnjẹ ọdún kò burú. Olúwa wa pàápàá lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Kánà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí a bá ń bẹ àwọn aláìsàn wò lẹ́yìn ọdún, a máa ń bá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ dá dùbúlẹ̀, nítorí pé wọ́n jẹ àjẹkì, wọ́n sì pa oògùn wọn tì nítorí ọdún.

Ní ọdún 2000, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọn àgbàlagbà 195 ṣáájú ọdún àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gbà, ohun tí ó kún ara ẹnìkọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì kílò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba náà kò tètè kúrò lára wọn mọ́. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ṣírò ohun tí yóò dà ní ogún ọdún.

Níbo ni ó ti ń wá? Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí ti ṣúgà jẹ́ 4. Nítorí náà, ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀ àti ṣinṣín wúwo ju bí a ti rò lọ. Ní ti ẹlẹ́rìndòdò, àwọn mìíràn wà tí ìgò kan wọn ní ju ṣíbí tíì 8 ṣúgà lọ.

Kí ni kí á ṣe? Kí á jẹ ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín díẹ̀ kí á tó jáde, kí ebi má baà lé wa wọ ilé onílé. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo ju ìrẹsì lọ. Kí á mu omi. Kí á rọra jẹun, nítorí ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ikùn ti yó. Kí á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé tí kò jìnnà. Kí ẹni tí ó ní oògùn má ṣe pa á jẹ.

Ẹ̀yin àlejò, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n di ìyókù fún yín lọ sílé. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe fi ipá bọ́ àlejò: ìfẹ́ kò sí nínú ìkúnwọ́ àwo. Ẹ rántí aládùúgbò tí kò rí oúnjẹ sè. Oúnjẹ tí ó pọ̀ jù níwájú wa, tirẹ̀ ni.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa pé tẹ́mpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á ṣe ọdún tán pẹ̀lú ìlera. Àmín.