Kí A Tó Fi Ètò Tuntun Sórí Kọ̀ǹpútà Láti Orí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Olùtọ́jú Àṣà ní Pobè àti Sakété

Oríkì, orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ìtàn ìdílé tí à ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, inú kọ̀ǹpútà ni a ń kó wọn sí lóde òní. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yí sí Linux, bíi Debian, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, kò pọn dandan kí a máa gbé fíláàṣì kiri láti orí ọ̀kan dé òmíràn: kọ̀ǹpútà kan lè pín ètò náà fún gbogbo wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

PXE ni orúkọ ọ̀nà yìí. Ilé-iṣẹ́ Intel ló gbé e jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ẹ̀rọ tó bá gba ọ̀nà yìí jí kò ní wo díìsìkì tirẹ̀. Ó dà bí àlejò tó wọ ìlú, tó ń béèrè ilé baálẹ̀: yóò ké sórí wáyà pé kí wọ́n fún òun ní àdírẹ́sì. Ètò DHCP yóò fún un ní àdírẹ́sì, yóò sì sọ orúkọ fáìlì àkọ́kọ́ fún un. TFTP ni yóò gbé fáìlì náà wá, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe ṣáájú

1. Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn àwọn àgbà là. Ètò tuntun lè pa gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì rẹ́. Ẹ da fáìlì kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ẹ má ṣe wo orúkọ fáìlì nìkan. Ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀.

2. Ẹ lo wáyà. Wi-Fi kì í sábà ṣiṣẹ́ fún PXE.

3. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F2, F10, F12 tàbí Del (ó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ), kí ẹ yọ̀ǹda kí ó jí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ wò ó bóyá BIOS àtijọ́ ni tàbí UEFI, nítorí fáìlì àkọ́kọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

4. Ọba kì í pé méjì láàfin. Bí router tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé bá ń pín àdírẹ́sì, tí sáfà yín náà sì ń pín in, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ẹ yan ọ̀kan ṣoṣo.

5. Ẹ so sáfà àti àwọn kọ̀ǹpútà mọ́ onduleur, kí iná má bàa lọ ní àárín iṣẹ́.

Lẹ́yìn tó bá parí

Ẹ dá díìsìkì padà sí ipò kìíní. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣì wà níwájú, tí sáfà sì ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ lè tún ara rẹ̀ nù mọ́ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà sínú rẹ̀. Ẹ tún fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún ti Faransé. Abẹ́ Nàìjíríà ni Linux tò ó sí. Nígbà náà, ẹ ó lè fi àmì tó yẹ sórí orúkọ oríkì kọ̀ọ̀kan.