Ta Ni Yóò Gbé Ẹni Tí Ọkọ̀ Kọlù?

Àánú ọmọnìkejì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a fi ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ ń kọ́ni, àlùfáà ń wàásù rẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun tilẹ̀ fi “Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí” ṣe oríkì ara rẹ̀ ní ìgbà Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń wo egbò sàn, ara gbogbo wa ì bá ti dá ṣáṣá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọlu ènìyàn kan ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́. Èrò yóò pé jọ. Àwọn kan yóò káwọ́ lérí, àwọn mìíràn yóò na fóònù sókè láti ya àwòrán. Ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ kí a gbé ẹlẹ́jẹ̀ wọlé ni yóò wọ́n.

A kò gbà pé ọkàn àwọn ènìyàn wa ti yigbì. Ẹ̀rù ni ó ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àròsọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti gbọ́ nípa aláàánú tí àwọn ọlọ́pàá dá dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ń wádìí rẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Bí ó bá sì dé ilé-ìwòsàn, wọ́n lè ní kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, tàbí kí ó san owó àsansílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. (Ti àwọn ayàwòrán yẹn yàtọ̀, a kò rí àwáwí kankan fún wọn.)

Bẹ́ẹ̀ òfin kò dákẹ́. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kọ̀ fún ilé-ìwòsàn láti lé ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Òfin ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà yanjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o, kí a tọ́jú wọn. Ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ọlọ́pàá tàbí ilé-ìwòsàn tí ó bá káwọ́ gbera títí ẹni náà fi kú yóò jẹ́jọ́; ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Mélòó nínú ẹ̀yin olùkọ́ ni ó ti ka èyí sí etí àwọn ọmọ kíláàsì yín?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, níbi tí a ti gbọ́dọ̀ gba ti àwọn oníṣègùn aládàáni rò, nítorí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ra oògùn. Òfin 2014 kan náà dá àpò owó ìlera kan sílẹ̀, ó sì ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje yín bá tún dé pẹ̀lú ìlù àti ìró ìbọn, ẹ bi í ní èélòó nínú owó náà ni ó ti dé ilé-ìwòsàn àdúgbò yín.