BÍ A TI Í YAN PLÁÌWÚÙDÙ FÚN ỌKỌ̀ OJÚ OMI KÉKERÉ

Òtítọ́ ni pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n kì í ṣàánú ọkọ̀ tí a fi pákó burúkú kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ kékeré ní ilé, ìbáà ṣe fún ẹja pípa tàbí fún ìgbafẹ́, gbọ́dọ̀ mọ irú pláìwúùdù tí ó yẹ kí ó tó ná owó rẹ̀.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé kàn ní ilé dájúdájú. Ní ọdún 1963 ni ọkọ̀ tí à ń pè ní Mirror, tí Jack Holt àti Barry Bucknell ṣètò, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pláìwúùdù tí ó nípọn tó mìlímítà 5 ni a fi ń ṣe é, wáyà bàbà ni a sì fi ń rán àwọn pákó rẹ̀ pọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 3.3, ara rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlógíráàmù 45 lọ. Èyí tí a ti kàn nínú irú rẹ̀ lé ní 70,000.

Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìpele-ìpele ni pláìwúùdù. Bí iṣan igi ìpele kan bá lọ sí òòró, ti èkejì a gba ìbú. Ìdí nìyí tí kì í fi í là bí pákó lásán. Ohun mẹ́ta ni kí á yẹ̀ wò nínú rẹ̀.

Èkíní ni àtè. Àtè pláìwúùdù tí a ṣe fún inú ilé a máa rọ̀ nínú omi, àwọn ìpele rẹ̀ a sì ṣí bí ìwé tí òjò pa. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àárín ọ̀sà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí ẹni tí ń rà á tọrọ ẹ̀já kékeré kan, kí ó sè é fún wákàtí mélòó kan, kí ó sá a gbẹ, kí ó sì tún un sè. Bí ọ̀bẹ bá lè ṣí ìpele rẹ̀, kí ó má rà á.

Èkejì ni inú rẹ̀. Àtè lè dára, kí àlàfo sì wà níbi tí awẹ́ igi inú kò ti kan ara wọn. Ibẹ̀ ni pákó ń kán sí bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni omi ń lúgọ sí. Kí á wo etí rẹ̀ yíká. BS 1088 ni àmì ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pláìwúùdù ọkọ̀ omi, ṣùgbọ́n kí á má tìtorí àmì fi àyẹ̀wò sílẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì.

Ẹ̀kẹta ni igi tí a fi ṣe é. Okoume ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù fúyẹ́: pákó kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní 4, tí ó sì nípọn tó mìlímítà 6, wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 8. Ti Sapele le jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó tó kìlógíráàmù 11. Arère fúyẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà nínú ọ̀rinrin. Bí nínípọn bá dọ́gba, kí á yan onípele márùn-ún ju onípele mẹ́ta lọ, nítorí agbára rẹ̀ ní òòró àti ní ìbú sún mọ́ ara wọn ju ti onípele mẹ́ta lọ.

Okoume pàápàá a máa jẹrà bí omi bá ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí á fi ọ̀dà tí omi kò lè là kọjá kun inú àti òde ọkọ̀, pàápàá etí pákó, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń mu omi jù. Owó tí a fi kún ti pákó rere kì í ṣe òfò. Ààbò ẹ̀mí ni a fi rà.