Bí A Ṣe Tún Igi Ìbọn Ọdẹ Ṣe

Ọ̀rọ̀ ìbọn ọdẹ ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin rẹ̀. Igi rẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ irin ìbọn, nítorí irin ni ó ń dún. Igi kì í dún, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń bèèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, igi yìí ni ọdẹ ń dì mú. Òun ni ó ń fi ti èjìká, òun náà ni ó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé nígbà tí ó bá ń wo ẹran. Bí igi kò bá bá ara ọdẹ mu, ìbọn tí ó dára jù lọ á máa yìn sí ibi tí ẹran kò sí.

Ní àdúgbò wa ní Agége, bàbá ọlọ́dẹ kan wà tí ó ń ṣọ́ òpópónà wa lóru. Gbogbo wa ni a mọ ìró fèrè rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni ó máa ń gbé kọ́ èjìká. Bàbá tí ó bí i lọ́mọ ni ó kọ́kọ́ ni ìbọn náà, nígbà tí igbó ṣì wà ní ẹ̀yìn Agége. Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó ń gba Agége kọjá, oko ni ó yí ìlú náà ká. Oko obì àti oko kòkó ni àwọn ènìyàn mọ Agége sí. Ọdẹ rí iṣẹ́ ṣe dáadáa nígbà náà. Lónìí ilé ló kún ibẹ̀, ọdẹ sì ti di ẹni tí ń ṣọ́ ilé.

Ní ọjọ́ kan a rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá wú. A bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá eyín ni. Ó ní, “Eyín kọ́ o. Ìbọn yìí ló gbá mi. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gbá mi.” Ó tún ní bí òun bá fẹ́ yìn ín nísinsìnyí, ojú òun á ti di kí ó tó dún. Ẹ gbọ́ ná: ọlọ́dẹ tí ó ń di ojú kí ìbọn tó dún! Ta ni yóò mọ ibi tí ọta náà yóò lọ, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?

A wo igi ìbọn náà. Bàbá tí ó kọ́kọ́ ni í ga, apá rẹ̀ sì gùn. Ọmọ rẹ̀ kúrú. Igi náà gùn jù fún un, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé sì ga jù. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ti sán ní ọrùn, ní ibi tí igi ti tín-ín-rín lẹ́yìn irin tí ìka ń fà. Wọ́n ti fi wáyà dè é yí ká.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ìdí ẹ̀rọ ni ó máa ń wà látàárọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iṣẹ́ igi. Àpótí ìjókòó kan àti pẹpẹ ìwé kan ni ó ti ṣe rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe.”

Bàbá wò ó. “Ìwọ? Ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa tí o kò purọ́. Ṣùgbọ́n a ò ní ṣe é nínú ilé. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ la máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà ti wà láti 1959. Òfin yìí kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní i gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ń rọ ìbọn tàbí tí ó ń tún un ṣe náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tirẹ̀. Bàbá ní ìwé tirẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e sínú àpò. Alágbẹ̀dẹ náà ní tirẹ̀, ó fi í kọ́ ara ògiri. Bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ ìbọn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì kà á. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọdún. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, kò sí ẹni tí yóò fi ìwé òfo tàn yín jẹ.

Alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn ìtàn. Bí ó ti ń gba ìbọn náà ni ó ń sọ ti ìran rẹ̀. Òyìnbó a máa fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pe irú ìbọn yìí, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kó o wá sí etíkun wa. Wọ́n ní odi ní Òsú lẹ́bàá Accra, títí di 1850 tí wọ́n tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú ìbọn tí ó wá sí ilẹ̀ wa, Birmingham ní Ìlú Ọba àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1813 ni ilé àyẹ̀wò ìbọn ti wà ní Birmingham, tí wọ́n ń yìn irin ìbọn wò kí wọ́n tó lù ú ní òǹtẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà (1877 sí 1893), ìbọn tuntun tí a ń kì láti ẹ̀yìn ti dé, ṣakabùlà sì di ìbọn àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ kò fi í sílẹ̀. Irin tòkè òkun lè pẹ́, ṣùgbọ́n igi kì í pẹ́ tó o. Káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó máa ń gbẹ́ òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ti Bàbá yìí rí.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, alágbẹ̀dẹ mú ọ̀pá tí a fi ń kì ìbọn, ó rọra tì í bọ ẹnu ìbọn títí ó fi dúró. Ó fi ìka sàmì sí ibi tí ó dé, ó fà á yọ, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta. Bí ọ̀pá bá dé ìdí irin pátápátá, òfo ni. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí a kì ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì lè pa ènìyàn lónìí. Òfo ni ti Bàbá. Alágbẹ̀dẹ tú irin kúrò, ó fi í sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Igi nìkan ni ó fún ọmọkùnrin wa.

Ó fi àfọ́kù ìgò họ ìdọ̀tí ara igi náà díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ yọ: ìrókò ni. Ìrókò dára, kòkòrò kì í tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kò dára fún imú. Ó máa ń mú ni sín, ó sì máa ń mú ara yún ẹlòmíràn. Ẹ ṣe é níta, kí ẹ fi aṣọ bo imú. Nígbà mìíràn ẹ ó bá nǹkan líle bí òkúta nínú igi náà, tí yóò ba ẹnu ọ̀bẹ yín jẹ́. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi í síbẹ̀. Igi náà ló ń dá a sílẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ti sísán ni a kọ́kọ́ mójú tó. Igi ní iṣan, èyíinì ni àwọn ìlà tí ó gùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Ní ọrùn ìbọn, iṣan gbọ́dọ̀ gùn tẹ̀lé ọrùn. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ibẹ̀ ni yóò ti kán, bí a ti ń ṣẹ́ búrẹ́dì. Iṣan ti Bàbá tọ́, sísán náà kò sì là á já. Ká ní ó là á já ni, a ò bá ti sọ fún un pé kí ó gbẹ́ òmíràn. Ọmọkùnrin wa fi ọtí sípíríìtì fọ inú ojú sísán náà, nítorí gúlúù kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí epo bá wà. Nígbà tí ó gbẹ, ó ti gúlúù wọ inú rẹ̀, ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e pinpin. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn èyí ni gígùn rẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí ó rọrùn. Ẹ ká apá, kí ẹ fi ìdí igi náà ti inú ìgunpá. Ó yẹ kí orí ìka ìfábẹ̀lá dé ibi tí irin tí a ń fà máa ń wà. Ti Bàbá ṣẹ́ kù ní ìbú ìka méjì. Ọmọkùnrin wa ti gbé ayùn lé e, ó fẹ́ gé ìbú ìka méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Alágbẹ̀dẹ pariwo mọ́ ọn: “Ọ̀kan! Gé ọ̀kan ná! Ṣé o ní oògùn tí yóò fi hù padà ni?” Ó gé ọ̀kan. Bàbá dán an wò. Ó gé díẹ̀ sí i. Nígbà tí ó kù ìdajì ìbú ìka, Bàbá ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ nípọn, ó sì yẹ kí a fi àyè sílẹ̀ fún un. Àwa kò rò ó bẹ́ẹ̀.

Ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó gba àkókò jù. Fáìlì eléyín ńlá ni ó fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ó tó tún pe Bàbá. Bàbá á di ojú, á gbé igi náà sí èjìká, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, á wá la ojú. Bí ó bá la ojú tí ó rí i pé ojú òun wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀nà irin, ó tó. Bí ó bá ní láti na ọrùn tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́, kò tíì tó. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni a pè é. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá kò sọ̀rọ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Sánpépà ló kàn. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí nọ́mbà lẹ́yìn rẹ̀. Bí nọ́mbà bá kéré, yanrìn rẹ̀ nípọn. Bí ó bá pọ̀, ó kúnná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80, ẹ lọ sí 120, kí ẹ parí rẹ̀ sí 220, kí ẹ sì máa fà á tẹ̀lé iṣan igi. Ẹni tí ó bá fo 120, gbogbo ojú ìhọ 80 ni yóò rí nígbà tí ó bá fi epo sí i. Bàbá tilẹ̀ ní nígbà tiwọn ewé èépín ni àwọn fi ń dán igi, a sì rí díẹ̀ já lẹ́yìn ilé. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ tútù nu igi náà. Nígbà tí ó gbẹ, irun igi dìde bí irùngbọ̀n ọjọ́ méjì, ó sì tún fi 220 fá a. Ibi tí igi ti tẹ̀ wọnú, aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni a gbé lé e. Ooru omi náà mú kí ó wú padà.

Níbi epo ni a ti ṣe àṣìṣe. Ọmọkùnrin wa fi àdín pa igi náà, nítorí ó wà nílé. Ó dán. Ọjọ́ kẹta, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku sì ti bò ó. Àdín àti epo pupa kì í gbẹ, bí ó ti wù kí ẹ sá wọn tó. Òróró lìnsíìdì ni ó ń gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di líle lórí igi. Ó ní láti fi sípíríìtì nu gbogbo rẹ̀, kí ó tún fá a. Bí ẹ bá fẹ́ ra lìnsíìdì, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “boiled” lára agolo. Èyí máa ń gbẹ ní bí ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n kọ “raw” sí lára lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ẹ fi àkísà pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ nu èyí tí igi kò mu kúrò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a pa tiwa.

Nísinsìnyí ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin wa ká àwọn àkísà tí ó fi pa òróró náà pọ̀, ó jù wọ́n sí igun ilé. Ó tó wákàtí mélòó kan, alágbẹ̀dẹ ní òun ń gbóòórùn nǹkan. Ó fọwọ́ kan àkísà náà, ó gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Kò sí ẹni tí ó fi iná sí i. Bí lìnsíìdì bá ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru jáde. Bí a bá wá ká a pọ̀, ooru náà kò rí ọ̀nà lọ, títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Lórí ògiri, lókè igun yẹn gan-an, ni ìwo tí Bàbá ń kó ẹ̀tù sí gbé wà. Ọmọkùnrin wa jókòó sílẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́ irú àkísà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níta títí yóò fi gbẹ gan-gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, alágbẹ̀dẹ dá irin padà sí ara igi. Bàbá gbé ìbọn náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, ó ní, “Wáyà ńkọ́?”

A sọ fún un pé kò nílò rẹ̀ mọ́, gúlúù ti mú un.

“Mo mọ̀. Bàbá mi ló fi dè é. Ẹ dè é padà.”

Ọmọkùnrin wa wá wáyà náà rí nínú eruku ilẹ̀, ó fi sánpépà dán an, ó sì wé e padà sí ọrùn ìbọn ní ẹ̀ẹ̀meje, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.