Amọ̀ funfun wà nílẹ̀ wa, kí ló dé tá a ṣì ń wojú òkè òkun fún ìyẹ̀fun ilé ìfọpo?

Bẹ́ ẹ bá dúró nílé epo kan lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù láàárọ̀, ìbéèrè kan náà lẹ máa gbọ́: "Èló ni lítà kan lónìí?" Onímárúwá ń bèèrè ẹ̀, awakọ̀ dánfó ń bèèrè ẹ̀, ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá nítorí jẹnẹrétọ̀ náà ń bèèrè ẹ̀. Kò burú. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tá a kì í bèèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń rí bẹntiróòlù ọ̀hún gan-an?

Tí wọ́n bá se epo rọ̀bì, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á gòkè, èyí tó wúwo, tó ki bí ọ̀dà, á ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Kò ṣeé rọ sínú mọ́tò. Bí ìtì igi tó tóbi ju ààrò lọ ló rí: àfi kéèyàn là á. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní zeolite ni àáké tí ilé ìfọpo fi ń là á.

Ihò ló kún inú ìyẹ̀fun yìí bí afárá oyin, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè rí i. Tẹ́ ẹ bá mú gíráàmù kan péré, tẹ́ ẹ tẹ́ gbogbo ògiri inú ihò ẹ̀ sílẹ̀, ó lè tó púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan n'Ídìímù. Ara ògiri yìí ni epo tó wúwo ti ń já sí wẹ́wẹ́, nínú ooru tó lé ní 500 dígírì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èédú á dí ihò náà, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i kí èédú jó dànù, ìyẹ̀fun á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ agbára ẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi tuntun kún un.

Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹntiróòlù lóṣù Kẹsàn-án, 2024, gbogbo wa la yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ bíi W. R. Grace l'Amẹ́ríkà àti BASF ti Jámánì ló di ọjà ìyẹ̀fun yìí mú lágbàáyé. Dọ́là la fi ń rà á.

Bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n lè fi ṣe é? Amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin, ìbátan ẹfun tá a mọ̀ nílé! Ó wà n'Íjerò-Èkìtì, ó wà n'Ífọ́n, ó wà ní Kankara ní Katsina. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti fi ti Kankara ṣe zeolite: wọ́n yan amọ̀ náà nínú iná, wọ́n pò ó mọ́ sódà, wọ́n sì sè é títí tó fi yí padà.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ẹni tó máa gbé e kúrò nínú yàrá ìwádìí: iná ìjọba tí kì í ṣe ségesège, owó, àti ilé ìfọpo tó máa gbà kí wọ́n dán tiwa wò. Kò ní kí bẹntiróòlù já wálẹ̀ lọ́la, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ á wà fáwọn ọmọ wa, dọ́là díẹ̀ á sì dúró nílé. A kì í gbé etí odò ká tún máa fi itọ́ bọ́jú.