Owó-Orí Àti Owó Ìfẹ̀yìntì: Èló Gan-an Ni Ó Yẹ Kí A San?

Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wò láìpẹ́ yìí, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tísà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ yá ₦222,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi san owó-orí ọdún 2026. Mo bi í léèrè bí ó ti ṣírò rẹ̀. Ó mú bébà kan jáde. Ó ti ro owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ₦90,000 lóṣù, pọ̀ mọ́ ₦1,200,000 tí àwọn ayálégbé rẹ̀ ń san lọ́dún. Mo ní kí ó fi fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó náà sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe irú àṣìṣe yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin owó-orí tuntun, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó-orí. Nínú ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ₦15 ni a ó san lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ₦18 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi dé ₦25 lórí ohun tí ó bá kọjá ₦50,000,000, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn yóò da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú.

Owó ìfẹ̀yìntì àti gratúítì tí a ń gbà lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì kò ní owó-orí. Ẹ má rò ó mọ́ ọn rárá. Owó ilé ni bàbá wa yóò san owó-orí lé lórí. Bí a bá yọ ₦800,000 kúrò nínú ₦1,200,000, ó ku ₦400,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ẹ wo bí ó ti kù díẹ̀ kí ó san ₦162,000 lé e! Ó tún sọ fún mi pé òun ná ₦100,000 láti fi tún òrùlé ilé àwọn ayálégbé náà ṣe. Irú owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣe é yọ kúrò nínú owó ilé, owó-orí náà ì bá sì di ₦45,000. Ṣùgbọ́n kò gba rìsíìtì lọ́wọ́ kafíńtà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ń gba ₦150,000 lóṣù, èyí tí í ṣe ₦1,800,000 lọ́dún. A yọ ₦144,000 tí ó dá sí owó ìfẹ̀yìntì. Ó ń san ₦400,000 fún ilé tí ó ń gbé. Òfin gbà kí ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ₦80,000 (èyí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ fún ẹnikẹ́ni). Ó ku ₦1,576,000. Bí a bá tún yọ ₦800,000, owó-orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦116,400, èyí tí í ṣe ₦9,700 lóṣù. Bí onílé kò bá fún un ní rìsíìtì, kò ní ẹ̀rí tí yóò fi hàn.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá owó tí wọ́n ń dá pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ń dín owó-orí kù. Rárá o, kò sí lára ohun tí òfin kà sílẹ̀. Owó tí ẹ bá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú kì í ṣe owó tí ó wọlé, nítorí ẹ ó dá a padà. Ṣùgbọ́n òfin dárúkọ èlé orí owó tí ènìyàn yá láti fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí ó bá kàn yín, ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ iye èlé náà sílẹ̀ fún yín.

Ní ti àwọn ìyá ọlọ́jà, èrè ni owó-orí ń bá wí, kì í ṣe gbogbo owó tí ọjà mú wá.

Ẹni tí ó ní owó mìíràn tí ń wọlé yàtọ̀ sí owó oṣù gbọ́dọ̀ kọ ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Bí wọ́n bá bu iye tí kò tọ́ fún yín, ẹ kọ̀wé ta kò ó láàárín 30 ọjọ́. Àwọn àgbà àárín wa rántí ohun tí owó-orí dá sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní ọdún 1968 àti 1969. Lóde òní, ìwé ni a fi ń jà. Ẹ má sì ṣe san kọ́bọ̀ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ owó-orí. Àkáǹtì ìjọba ni kí ẹ san án sí.

Bàbá wa ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀ padà. Kafíńtà ni ó ń wá kiri báyìí.