Ta Ló Jẹ Ẹran Inú Ọbẹ̀?

Ẹ̀yin aládùúgbò ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fíìmù. Irú fíìmù kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù fẹ́ràn: ẹnì kan á kú níbẹ̀rẹ̀, a ò ní mọ ẹni tó pa á àfi lópin, a ó sì máa rẹ́rìn-ín bá a ṣe ń wá a.

Ẹ wo ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra, tí gbogbo ayálégbé ń lo kíṣìnnì kan. Ìyàwó ilé kan se ọbẹ̀ lálẹ́, ẹran mẹ́jọ ló kà sínú ìkòkò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, méje ló bá. Gbogbo ilé di afurasí. Wòlíì yàrá kejì jí gbàdúrà lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ yàrá ìkẹyìn mu gààrí sùn, òun ni gbogbo ojú sì kọ́kọ́ lọ bá. Kí ìbéèrè tó parí, a ti gbọ́ ẹni tó jẹ owó iná, àti ẹni tó ń yá iyọ̀ tí kì í dá a padà. Ìyá onílé ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí kálukú na ọwọ́. Abẹ́ èékánná ẹni tó ń pariwo olè jù lọ ni epo ti gbẹ.

Bí fíìmù ọ̀hún ṣe rí nìyẹn. Ẹran ni òkú, ìyá onílé ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tébi ń pa sì ni ẹni tí òǹkọ̀wé fi ń ṣì wá lọ́nà. Olè ẹran ni wọ́n ń wá, àṣírí gbogbo ilé ló ń tú. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ wà.

Irú ìtàn báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Lọ́dún 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, jáde nínú ìwé ìtàn Àjà Ló Lẹrù. Lọ́dún 2014, Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù October 1 jáde: wọ́n rán ọlọ́pàá lọ sí Akote lọ́dún 1960, kí ó wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin kí òmìnira tó dé.

Bí a bá fẹ́ fi ìtàn ọbẹ̀ wa ṣe fíìmù, epo abẹ́ èékánná yẹn ni iṣẹ́ tó le jù. Wọn kì í sábà ya fíìmù tẹ̀ léra. Wọ́n lè ya ìparí lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọwọ́ wo lepo wà, ṣé wọ́n ká apá bùbá sókè ni àbí ó wálẹ̀. Bí epo bá ṣàdédé yọ lópin, tí a ò rí i tẹ́lẹ̀, wọ́n ti rẹ́ òǹwòran jẹ.

Bàrígà mọ eré ṣe: ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Crown Troupe tí Segun Adefila dá sílẹ̀ lọ́dún 1996 fi ṣe ibùjókòó, Yunifásítì Èkó sì wà nítòsí ní Akọka. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù, ilé tí ẹ ti ń pín kíṣìnnì ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì fi àmì síbi tójú òǹwòran lè tó o. Ẹ̀tọ́ wa ni.